Fáìlì Tí Wọ́n Pa Rẹ́ Tí Kò Kúrò Nílẹ̀

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan, Oyèkànmí ni ká máa pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí ètò àkóso tí wọ́n ń pè ní Línúùsì ń darí, kọ̀ǹpútà tí gbogbo iṣẹ́ ilé náà dúró lé lórí. Inú kọ̀ǹpútà yìí ni orin ti ń jáde lọ sórí afẹ́fẹ́. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n kó ohùn àwọn àgbàlagbà ìlú sí, àwọn tí wọ́n sọ bí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀dó. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Ohun kan wà tí ilé náà fi ń yangàn: rédíò wọn kì í dákẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tan ètò tí ó ń gbé orin jáde, ẹnikẹ́ni kò dá a dúró rí. Bí iná bá lọ, bátìrì á gbé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan ti oko dé. Òun nìkan ni ó kù láyé tí ó mọ bí wọ́n ṣe rí omi àkọ́kọ́ ìlú náà, ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ wá mú un lọ sí ìlú òkèèrè lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n gbé máìkì sí i lẹ́nu. Kí ó tó sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ní òun kò gba nǹkan kan mọ́. Àyè ti tán.

"Ṣé ó ti yó ni?" ìyá náà béèrè.

"Ó ti yó, Màmá."

"Ẹ jẹ́ kó yára lọ sí ẹ̀yìnkùlé kó padà wá. Ọkọ̀ ọmọ mi kò ní pẹ́ dé."

Oyèkànmí rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó ti iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi rí ohun tí ó jẹ àyè náà. Ètò tí ń gbé orin jáde ní fáìlì kan tí ó máa ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ti yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà náà láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún ètò náà. Ó ń wá a ṣáá. Bí ó bá wá a tí kò rí i, á kọ ọ́ sílẹ̀: mo wá a, n kò rí i. Ọ̀rọ̀ kan náà, tọ̀sán tòru, títí fáìlì ẹ̀sùn náà fi tóbi ju gbogbo orin ilé náà lọ.

"Ọwọ́ bà ọ́ lónìí," Oyèkànmí wí, ó sì pa fáìlì náà rẹ́.

Àyè kò padà. Ó wá fáìlì náà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní òun ṣì kún bámúbámú.

Ọ̀gá obìnrin tí ó ni ilé iṣẹ́ náà wọlé. "Oyèkànmí, Màmá ti ń wo ọ̀nà o. Pa díẹ̀ rẹ́ nínú àwọn ohùn àtijọ́ yẹn. Ta ló ń gbọ́ wọn?"

"Mà, a kò ní wọn níbòmíràn. Bí wọ́n bá lọ, wọ́n lọ nìyẹn."

"Màmá yìí náà ńkọ́? Bí òun bá lọ, kò lọ nìyẹn?"

Oyèkànmí yí padà sí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí ibi tí àwọn ohùn náà wà, ó sì ka orúkọ èyí tí ó tóbi jù síta: baba alágbẹ̀dẹ tí ó kú lọ́jọ́ sí.

Ìyá arúgbó náà fò dìde lórí àga. "Òpùrọ́ baba! Ó ní bàbá òun ló rí omi náà. Òun gan-an ni mo wá dá lóhùn."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú pa á rẹ́, Màmá," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ kò gbọdọ̀ dán an wò! Bí ẹ bá pa á rẹ́, ta ni kí n wá bá jiyàn?"

Oyèkànmí gbé ọwọ́ kúrò. Ó ṣírò gbogbo ohun tí ó rí nínú kọ̀ǹpútà náà pọ̀. Wọn kò tó ìdajì rẹ̀. Nǹkan kan jókòó síbẹ̀ tí ojú kò rí. Ó wá yí ìbéèrè padà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà fi ohun tí wọ́n ti pa rẹ́ tí ẹnìkan ṣì dì mú hàn òun.

Èsì dé lójú ẹsẹ̀. Fáìlì ẹ̀sùn náà ni. Oyèkànmí ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ètò náà kò ju ú sílẹ̀, Línúùsì kì í sì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣì dì í mú. Àní ó ṣì ń kọ̀wé sí i.

"Mà, ètò tí ń gbé orin jáde gbọdọ̀ dúró díẹ̀, kí ó lè ju fáìlì náà sílẹ̀."

"Kí rédíò wa dákẹ́ kẹ̀? Wọ́n á ní a ti kógbá wọlé!"

"Ẹ yan ọ̀kan, mà. Kí àwa dákẹ́ díẹ̀, tàbí kí baba alágbẹ̀dẹ dákẹ́ títí láé."

Ọ̀gá wo ìyá arúgbó náà, ó mí kanlẹ̀. "Dá a dúró."

Oyèkànmí kọ́kọ́ yọ ìlà tí ó ní kí ètò náà máa wá ẹ̀rọ tí kò sí mọ́. Lẹ́yìn náà ó dá a dúró. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Onígbàjámọ̀ tí ó wà lódìkejì títì pariwo: "Ẹ ti kú ni?"

Àyè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oyèkànmí tún ètò náà tàn, orin dìde, ọ̀gá sì ń jó kiri sitúdíò.

"Ṣé ó ti ti ẹ̀yìnkùlé dé?" ìyá náà béèrè.

"Ó ti dé, Màmá!"

"Ó dáa. Ìwọ alágbẹ̀dẹ, fi etí sílẹ̀ dáadáa."

Ó sọ̀rọ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi dé tí ó ń fun fèrè ọkọ̀, ìyá náà kò sì dá a lóhùn títí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé ohùn alágbẹ̀dẹ sáfẹ́fẹ́, wọ́n gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ìlú sì ń bá àwọn méjèèjì jiyàn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ìwọ tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, o ní o ti dárí ji àbúrò rẹ. Mo gbà ọ́ gbọ́, nítorí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjà yín lẹ́nu rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n àyè kò sí nínú rẹ. Bí ìyàwó rẹ bá la ẹnu, o ní ó ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ rẹ ń yẹra fún ọ. O ti ń lé àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ dànù, kí o lè rí àyè mí. Má pa wọ́n rẹ́, àwọn kọ́ ló gba àyè rẹ. Dákẹ́ díẹ̀, bí ayé bá tilẹ̀ ń bi ọ́ pé kí ló dé, kí o wo ẹ̀sùn àbúrò rẹ tí ọwọ́ rẹ ṣì dì mú. Jáwọ́ nínú wíwá ohun tí kò sí mọ́. Kí o wá pe àbúrò rẹ wálé, kí ẹ jọ jiyàn. Wàá rí i pé àyè wà fún ohùn ẹ̀yin méjèèjì.