Arọ Tó Ń Sá Nígbà Tí Ogun Kò Tíì Dé

Ọ̀nàdípẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kò fi ẹsẹ̀ rìn mọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti mú un lọ́mọdé, ṣùgbọ́n kò sí ilé ọlọ́lá kan ní agbègbè Àbàtà tí kò ní ilẹ̀kùn tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́. Ìdí ló fi ń wọ́ káàkiri àgbàlá rẹ̀. Àwọn òbí a máa mú ọmọ wọn wá láti abúlé gbogbo kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nàyẹmí àbúrò rẹ̀ ló ń bá a kọ́ wọn níṣẹ́, Àjíún ìyàwó rẹ̀ ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Ẹnu Ọ̀nàdípẹ̀ mú, ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n bí ara ọmọ kan kò bá yá, òun ni kì í sùn.

Ní ọdún kan, oníyọ̀ kan mú ìròyìn wá pé àwọn ẹlẹ́ṣin ti kó ìlú kan lódìkejì odò, àti pé kí òjò dá ni wọ́n ń retí kí wọ́n tó kọjá sí apá Àbàtà. Ìlú gbọ́, ìlú wúre, ìlú padà sóko. "Ká má rí i," ni gbogbo wọn ń wí, àfi bí ẹni pé ẹlẹ́ṣin a máa gbọ́ ìwúre.

Ọ̀nàdípẹ̀ ní tirẹ̀ pe Ọ̀nàyẹmí àti Àjíún jókòó.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ lè dúró dìgbà tí ogun bá dé kí ẹ tó sá," ó ní. "Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi, n ò sì lè gbé wọn sáré. Òní ni mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sá."

Ó ní kí wọ́n gbé igi oníhò kan sí àárín àgbàlá. Bí òun bá ti lù ú, kí kálukú ju irin iṣẹ́ sílẹ̀, kí ọmọ ńlá di ọmọ kékeré lọ́wọ́ mú, kí wọ́n sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ihò tó wà lórí àpáta lẹ́yìn ìlú, níbi tí ẹṣin kò lè gùn dé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lu igi. Àwọn ọmọ dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ kì í kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá láìdágbére. Wọ́n tò wá síwájú rẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀gá, a ń lọ o." "Ọ̀gá, ó dàbọ̀ o."

"Ẹ ń lọ síbo?" Ọ̀nàdípẹ̀ figbe ta. "Ẹlẹ́ṣin ti dé ẹ̀yìn yín, ẹ ń fàyà wọ́lẹ̀! Bí igi yìí bá ti dún, mo ti dárí àìkíni ji gbogbo yín."

Ẹ̀rín pa wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó ti mọ́ni lára kì í tètè kúrò. Ó pẹ́ kí orúnkún wọn tó yé tẹ̀ bí wọ́n bá ti ń kọjá níwájú rẹ̀. Ìgè, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ oníjàkadì, a máa dúró lójúde fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Arọ, ta ló ń lé ọ?"

"Ẹni tí kò tíì dé ni," Ọ̀nàdípẹ̀ á sì dáhùn.

Nígbà tó yá, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀nàyẹmí sáré padà wálé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ̀gbọ́n, a ti kà wọ́n. Wọ́n pé!"

Àjíún tó tẹ̀lé e kò rẹ́rìn-ín. "Wọn ò pé."

"Ta ló kù?" Ọ̀nàdípẹ̀ bi í.

"Ẹ̀yin ni. A ti jókòó sórí àpáta, a ti ń yin ara wa, kí n tó rántí pé mo fi ọkọ mi sílẹ̀ nílé."

Èèwọ̀ ni nílé náà kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fọwọ́ kan ara ọ̀gá, áńbọ̀sìbọ́sí kó gbé e bí ẹrù, nítorí náà kò tilẹ̀ wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Ọ̀nàdípẹ̀ mọ̀ pé wọ́n á fi òun sílẹ̀. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́mọdé, wọ́n pọ̀n ọ́n títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hu irùngbọ̀n, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ṣe orin kọ. Ó ti búra pé kò sẹ́ni tí yóò tún gbé òun mọ́ láyé.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ó ní. "Kí ni ẹlẹ́ṣin fẹ́ fi arọ ṣe?"

"Pípa ni wọ́n máa pa á," Àjíún wí, omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. "Tí ẹ bá jókòó síbí, èmi náà á jókòó. Àwọn ọmọ yìí á sì padà wá wò yín, ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi wọ́n lé ogun lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju orin àtijọ́ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbẹ́ àga kan, ó fi ọ̀pá gígùn méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ gbé e sókè, ó dijú nítorí ìtìjú. Ìgè ń kígbe "Kábíyèsí o!" lójúde, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń sáré tẹ̀lé àga náà dé orí àpáta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí igi bá dún ni wọ́n ń bá wọn lọ, wọ́n sọ ọ́ di eré.

Òjò dá. Lọ́sàn-án gangan, eruku sọ lójú ọ̀nà odò. Ọ̀nàdípẹ̀ lu igi kíkankíkan. Kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gbé àga, ó di ẹ̀yìnkùlé.

Nínú ìlú, àwọn kan ń wá ewúrẹ́ wọn, àwọn kan ń kọlu ara wọn. Àwọn ọmọ tó ti ń fi arọ ṣẹ̀rín ló di ìró ìyá wọn mú: "Ẹ wá, a mọ̀nà!" Ìgè alágbára pọn ìyá rẹ̀, ó ń pòyì lójúde bí adìẹ tí òjò ká mọ́ ìta.

"Ìgè!" Ọ̀nàdípẹ̀ pè é láti orí àga. "Máa tẹ̀lé mi!"

Ìgè tẹ̀lé e.

Láti orí àpáta ni wọ́n ti rí èéfín àká iṣu wọn tí àwọn ẹlẹ́ṣin dáná sun. Ó dùn wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n iṣu ṣeé tún gbìn. Ọ̀nàyẹmí kọ́kọ́ wo àga, ó wá ka àwọn ọmọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pé o!" Ọ̀nàdípẹ̀ sunkún, kò fi pamọ́. Ìyá Ìgè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tí kò lẹ́sẹ̀ rìn, ó wo ogunlọ́gọ̀ tó sá tẹ̀lé e, ó mi orí, ó sì sọ̀rọ̀ kan. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbà á tí a fi ń pa á lówe títí dòní pé: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.