Etí Tó Ti Rẹ̀ Kó Tó Délé

Alárinà ni Oyèlẹ́yẹ ní ìlú Ìsàlẹ̀-Ọ̀kín. Bí ẹbí kan bá fẹ́ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹbí mìíràn, tàbí bí ọ̀rẹ́ méjì bá ń yan ara wọn lódì, òun ni wọ́n máa ń rán. Kì í ṣe pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹlòmíràn lọ. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ogún ọdún gbáko ló fi kọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn ará ìlú náà kì í sọ ojú abẹ níkòó.

Lọ́jọ́ kan, ó mú ọ̀rọ̀ ìtọrọ lọ sílé alágbẹ̀dẹ kan. Bàbá náà fún un lómi mu, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ọmọ yìí ṣì ń bá ìyá rẹ̀ pọnmi." Oyèlẹ́yẹ dúpẹ́, ó dìde, ó lọ sọ fún àwọn tó rán an pé kí wọ́n wá ìyàwó síbòmíràn. Wọ́n ní, ṣé bàbá náà kọ̀ ni? Ó ní, "Ó ti kọ̀. Bó bá fẹ́ ni, ìbá bi mí nípa ọmọkùnrin yín." Kí ọdún tó parí, ọmọbìnrin náà ti wà nílé ọkọ mìíràn.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Kí èèyàn jókòó láti àárọ̀, kó máa wá ohun tí ẹnìkan kò sọ nínú ohun tó sọ, ó ń tánni lókun ju oko ríro lọ. Nígbà tí Oyèlẹ́yẹ bá fi máa délé nírọ̀lẹ́, orí á ti máa fọ́ ọ. Àìmọye ìgbà ló ti sọ fún Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, pé, "Jọ̀ọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni kí o ṣe máa sọ ọ́ nínú ilé yìí. Ó ti rẹ̀ mí." Àmọ́ ọmọ àgbègbè yẹn ni Àwẹ̀ró náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ nílé bàbá rẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyá Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ àìsàn ní Odò-Arère, tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan. Oyèlẹ́yẹ gbọ́ pé ara ìyá kò dá, ṣùgbọ́n ó rò pé ara àgbà lásán ni. Èèwọ̀ sì ni ní ìdílé Àwẹ̀ró kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òbí òun ń kú lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ọ́ ló ti òbí náà sínú ikú. Àwẹ̀ró kò sì lè dá lọ, nítorí ọkọ ní í sin aya dé ẹnu ọ̀nà òbí rẹ̀, káyé má baà ní ó kọ ọkọ ni. Kí ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn nìkan ló ń fẹ́.

"Bàbá Fẹ́híntọ́lá," ó wí bó ti ń gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀, "ó mà ti pẹ́ tí a ti tẹ ọ̀nà Odò-Arère."

"Iṣẹ́ ni," ni Oyèlẹ́yẹ wí, ó bu òkèlè.

Lọ́jọ́ kẹta ó tún ní, "Àwọn tó ti Odò-Arère wá sọ́jà ní màmá ń bèèrè wa."

"Kí wọ́n bá wa kí wọn."

Lọ́jọ́ keje, ó fọ aṣọ ìrìn-àjò rẹ̀ méjì, ó ká wọn sórí àpótí tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó lé. Ó ní, "Òjò kò tíì dé. Ọ̀nà ṣì gbẹ." Ọkọ rẹ̀ gbé aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó, ó ní àgbàdo ọdún yìí á pẹ́ kó tó hù. Inú bí mi sí ọkùnrin yìí. Bó bá jẹ́ ilé onílé ni, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ìbá ti gbé e dìde.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ìránṣẹ́ dé láti Odò-Arère. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù. A ti sin ìyá lánàá. Títí ẹ̀mí fi bọ́, ó ń bi wá bóyá ẹsẹ̀ yín lòún ń gbọ́ lóde."

Ọ̀rọ̀ náà dun Oyèlẹ́yẹ wọ akínyẹmí ara. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àwẹ̀ró, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Àwẹ̀ró kò ké, kò sì jà. Ó ti rẹ òun náà. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún yín, Bàbá Fẹ́híntọ́lá. Ọ̀rọ̀ tí bàbá alágbẹ̀dẹ yẹn sọ kò tó tèmi, ẹ sì gbọ́ ọ. Ṣé ti ará ìta nìkan ni etí yín wà fún ni?"

Oyèlẹ́yẹ kò fi iṣẹ́ alárinà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wá rán an níṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn tí òun kò kọ́kọ́ sọ ìtàn ìtìjú ara rẹ̀ fún. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gba òwe tí wọ́n ń pa títí dòní pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi.