Omi Àlejò tí Ọ̀pọ̀lọ́ Kò Bù fún Ajá

Nígbà láéláé, nígbà tí ahọ́n ajá ṣì ń gbé inú ẹnu rẹ̀ bí ọmọlúàbí, Erin ni ọba gbogbo ẹranko. Odò tútù kan wà nínú igbó rẹ̀, igi ńláńlá ṣíji bò ó. Òun nìkan ló ń wẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbàtà kékeré tí Ọ̀pọ̀lọ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ sí ń gbẹ lọ. Àwọn ọmọ náà ṣì ní ìrù, wọn kò tíì ní ẹsẹ̀ tí wọ́n lè fi sá. Ni Ọ̀pọ̀lọ́ bá fò lọ sáàfin.

"Kábíyèsí, omi àwọn ọmọ mi ti fẹ́ máa hó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí odò yín fún wa."

Erin fi etí ńláńlá rẹ̀ fẹ́ ara. "Bí ooru bá mú nílé tìrẹ, ṣé gbogbo ayé ló mú? Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ bí ayé ṣe gbóná sí. Bó bá jẹ́ gbogbo ayé ló gbóná, n ó ṣí odò."

Ó rán Ajá. Ajá kì í purọ́, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Bó bá ti yọ ahọ́n síta díẹ̀, ó ti mọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe rí. Ahọ́n yẹn ni gbogbo ìlú gbẹ́kẹ̀ lé.

Ajá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Alángbá lórí àpáta. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe àlejò nílẹ̀ wa, a kì í bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀ kó tó mu omi.

"Ẹ káàbọ̀, ìránṣẹ́ ọba! Ẹ bọ́ sábẹ́ ibòji. Omi rèé o."

Ajá jókòó sábẹ́ ibòji, ó mu omi tútù, ó nu ẹnu, ó wá yọ ahọ́n. "Ibí yìí tura," ló wí. Àtẹ́lẹsẹ̀ Alángbá ń jó lórí àpáta, ṣùgbọ́n kò lè já àlejò nírọ́. Ó kàn ń mi orí ni.

Nílé Ọ̀yà, wọ́n fún un ní ibòji àti omi. Nílé Ọ̀kẹ́rẹ́, omi tó kẹ́yìn nínú ìkòkò ni wọ́n bù fún un. Gbogbo ibi tí Ajá dé ló tura, nítorí ìwà rere àwọn onílé ló ń tọ́ wò, kì í ṣe ooru ilé wọn.

Ó padà sáàfin. "Kábíyèsí, mo ti yí ayé po. Ayé tura."

Erin rẹ́rìn-ín, ó sì wọ odò rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ọ̀pọ̀lọ́ gbọ́, inú bí i gidigidi. Ó mú ọ̀nà ààfin pọ̀n lọ́sàn-án gangan. Àwọn tó rí i wí fún ara wọn pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán.

"Kábíyèsí, Ajá kò dé ilé tèmi!"

Kí ariwo rẹ̀ lè tán, Erin ní kí Ajá tẹ̀ lé e lọ. Ajá dé etí àbàtà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyá, ibòji dà?"

"Kò sí."

"Omi àlejò ńkọ́?"

"N kò ní bù ú."

"Háà! Èmi ìránṣẹ́ ọba?"

"Ìwọ náà ni. Omi tí mo bá bù fún ọ, inú ibùsùn àwọn ọmọ mi ni n ó ti bù ú. Kí wọ́n máa pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Wá dúró síbi tí àwọn ọmọ mi wà, kí o yọ ahọ́n rẹ!"

Ajá dúró nínú oòrùn. Ó yọ ahọ́n díẹ̀, ooru gbá a mú. Ó fẹ́ fà á padà, kò wọlé mọ́. Ó sáré dé ààfin, ahọ́n ń fì, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Gbogbo ẹranko rí i.

Alángbá kígbe. "Bó ṣe rí lórí àpáta mi náà nìyẹn! Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

"Pápá tèmi náà, iná ni!" ni Ọ̀yà wí.

Erin yíjú sí Ajá. "Sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Ṣé ayé gbóná ni, àbí ó tutù?"

"Kábíyèsí, ibi tí mo bá dúró sí nìkan ni ahọ́n mi mọ̀. Abẹ́ ibòji ni mo sì ti ń dúró látọjọ́ yìí."

Ojú ti Erin, ṣùgbọ́n ọba ò fẹ́ kí ojú ti òun nìkan. "Ó dára, n ó ṣí odò. Àmọ́ kí Ọ̀pọ̀lọ́ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, torí kò bu omi fún ìránṣẹ́ mi."

Ọ̀pọ̀lọ́ rántí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó tẹ orúnkún, ó tẹ̀ ẹ́, ó ku díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ibi tí mo lè tẹ̀ ẹ́ dé nìyí. N kò ṣẹ̀ yín, Kábíyèsí. N kò ní kúnlẹ̀."

Erin ń retí. Ọ̀pọ̀lọ́ kò dìde, kò sì kúnlẹ̀. Alángbá wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀yà dúró, Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró, Ajá náà dúró. Nígbà tó yá, Erin ló yà kúrò lọ́nà odò. Ọ̀pọ̀lọ́ padà sí àbàtà, ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì dà wọ́n sínú odò tútù náà, gbogbo wọn ló yè.

Láti ọjọ́ náà ni ahọ́n ajá ti ń jáde síta bí ooru bá mú, kò sì sí ẹni tó tún fi ahọ́n ajá kan ṣoṣo sọ bí gbogbo ayé ṣe gbóná sí. Láti ọjọ́ náà náà ni ọ̀pọ̀lọ́ ti ń lóṣòó. Ẹni tó bá rò pé yóò kúnlẹ̀, kó lọ dúró tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.