Ọkùnrin Tó Kẹ̀yìn sí Bọ́ọ̀lù

Ọkùnrin kan wà tó dé pápá ìṣeré ṣáájú gbogbo èrò, tó dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù tán, síbẹ̀ kò fojú kan bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́. Àwa àti Gánà la jọ ń gbá a lọ́jọ́ náà, òun ni wọ́n sì ní kó di okùn tó pààlà sáàárín àwọn èrò ilẹ̀ méjèèjì mú. Ọ̀gá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé, "Ojú èrò ni kí o máa wò o. Má wẹ̀yìn."

Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà, torí kò fẹ́ràn ará Gánà. Wọ́n ti lé bàbá rẹ̀ kúrò lọ́hùn-ún láyé àtijọ́, tòun ti ẹrù orí kan ṣoṣo. O mọ̀ pé wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ti ọkùnrin yìí tún le ju ìyẹn lọ: ẹni tí wọ́n kàn sọ ọ́ fún ni kò gbàgbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá lọ mú ọkọ Gánà wálé. Àwọn ẹbí ọkọ ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó sì ti pinnu pé òun ò ní ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ọmọ náà sunkún títí, kò gbà.

Ó wá ń wo ojú èrò. Ohun tó rí yà á lẹ́nu, ó sì ya èmi náà lẹ́nu nígbà tó ròyìn rẹ̀. Bí apá ọ̀tún bá káwọ́ lérí, apá òsì náà á káwọ́ lérí. Bí wọ́n bá la ẹnu níhìn-ín, wọn á là á lọ́hùn-ún. Àfi tí bọ́ọ̀lù bá wọlé nìkan ni ojú wọn ń yàtọ̀. Ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yún un láti wẹ̀yìn.

Nígbà tó yá, àwọn ará Gánà dá orin. Àwọn tiwa ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá wọn gbè é. Ara ọkùnrin yìí bù máṣọ. Orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ ní balùwẹ̀ láràárọ̀ ni, títí ó fi kú. Wọ́n lé bàbá, bàbá ò lé orin wọn.

Ayọ̀ gbé e. Ó fẹ́ pàtẹ́wọ́, okùn ò jẹ́, ló bá jù ú sílẹ̀. Ó ń retí ìjà. Àwọn èèyàn kàn ń gba orí okùn kọjá lọ bá ara wọn jó ni. Mo bi í pé ta ló borí. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọ̀mì ni.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kí àwọn àlejò tó jókòó, ó ti ń bi wọ́n ní ìtumọ̀ orin náà.

Ìwọ náà sọ fún mi pé o ò lè kí ará ilé kejì, nítorí ohun tí bàbá wọn ṣe fún bàbá rẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni bàbá rẹ máa ń sọ nípa wọn nígbà tínú rẹ̀ bá dùn? Lọ bi ìyá rẹ, kí o tó tún di okùn yẹn mú.