Ìdí Tí Ìyá Àgbà Fi Ń Làágùn Nínú Ọyẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí obìnrin kì í fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ bíbí, Àlejò Oṣù a máa yà sọ́dọ̀ obìnrin lóṣooṣù títí dọjọ́ ikú. Ìránṣẹ́ rẹ̀ méjì, Ooru àti Ọ̀rá, ń gbé inú ara obìnrin. Alágídí ni Ooru, ọ̀lẹ ni Ọ̀rá. Ṣùgbọ́n bí Àlejò bá ti wúkọ́ báyìí, Ooru á jókòó jẹ́ẹ́, Ọ̀rá á gba ìbàdí lọ, á pín ara rẹ̀ síbẹ̀ dáadáa.

Obìnrin kan wà tó ń hun ẹní, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ó ti bímọ mẹ́sàn-án, ó sì ti gbé ọmọ ọmọ pọ̀n. Lọ́jọ́ kan tó ń fọ aṣọ létí odò, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ni Àlejò Oṣù tún dé.

"Ìwọ Àlejò yìí, o ò nílé ni?" ni Àwẹ̀ró ké mọ́ ọn. "Láti ìgbà ọmọge mi lo ti ń wá. Máa lọ, má padà wá mọ́!"

Àlejò rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá lọ, mi ò ní padà o. Ta ni yóò máa darí àwọn ìránṣẹ́ mi?"

"Fi wọ́n sílẹ̀! Èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́sàn-án, ṣé ìránṣẹ́ méjì ni apá mi ò ní ká?"

Àlejò lọ. Àwẹ̀ró jó wálé, ó wọ aṣọ funfun láìbẹ̀rù.

Kò pẹ́ ni ọkọ ọmọ rẹ̀ wá kí i. Ọyẹ́ ń mú gan-an. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Ooru fò sókè láti àyà, ó gun ọrùn, ó gun orí. Àwẹ̀ró já gèlè sọnù, ó ju ìborùn, ó nawọ́ sí ìró. Àna di ojú, ó sá gba ẹ̀yìnkùlé.

"Ooru, jókòó!"

"Ta ní ń pàṣẹ fún mi? Ọ̀gá mi ti lọ!"

Ọ̀rá ní tirẹ̀ kò rìn dé ìbàdí mọ́. Ikùn ló sùn sí. "Ibí yìí súnmọ́ oúnjẹ," ló wí. Ó dí ọ̀nà mọ́ adùn oúnjẹ, adùn wá kún inú ẹ̀jẹ̀. Àwẹ̀ró ń mu omi bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, èèrà sì ń tò lọ síbi tó bá tọ̀ sí. Ẹ̀rù bà á. Ó sáré wá Àlejò lọ.

"Ẹ dákun, ẹ padà. N ò fẹ́ kú."

"Ọ̀rọ̀ mi kì í yí padà. Ṣùgbọ́n gbọ́ àṣírí: Ọ̀rá kórìíra ìrìn. Dín iyán kù, fi ẹ̀fọ́ kún un, kí o sì máa rìn lójoojúmọ́. Ooru ní tirẹ̀, fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró fẹsẹ̀ rìn dé òdìkejì òkè. Ọ̀rá ń sunkún nínú ikùn rẹ̀: "Ìyá, ẹ jẹ́ ká sinmi!"

"Bó bá rẹ̀ ẹ́, sọ̀ kalẹ̀!"

Nígbà tó yá, èèrà ò tẹ̀ lé e mọ́.

Àwọn obìnrin yòókù kò bèèrè nípa Ooru. Aṣọ funfun ni wọ́n rí. Gbogbo wọn wọ́ tọ Àlejò lọ: "Bí o ti ṣe fún Àwẹ̀ró ni kí o ṣe fún àwa náà!" Ó gbà tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Láti ọjọ́ náà ni Àlejò Oṣù ti ń dágbére fún obìnrin tó bá ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, tí ó sì ń fi Ooru àti Ọ̀rá sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ìyá àgbà tó ń làágùn nínú ọyẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìránṣẹ́ tí kò lọ́gàá ló ń bá jà.