Àṣẹ Ààrò Búrẹ́dì

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, ṣùgbọ́n Òjẹ́wùmí, máníjà ilé búrẹ́dì kan, rò pé tòun tó. Láìsí àṣẹ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ búrẹ́dì nínú ààrò. Bó bá jóná níbi tí wọ́n ti ń dúró dè é, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gé. Ìrẹ́jẹ ni, àmọ́ ètò ni Òjẹ́wùmí ń pè é.

Láàárọ̀ Iléyá, búrẹ́dì pọ́n, máníjà ṣì ń sùn nílé. Rámọ́tà tó ń ṣọ́ ààrò ní kí wọ́n yọ ọ́.

Òjẹ́wùmí dé. "Ta ló pàṣẹ?"

Rámọ́tà ní, "Iná ni, ọ̀gá. Ẹ̀yin ò sí ńbẹ̀, òun wà ńbẹ̀."

"Ẹ máa lọ sílé, gbogbo yín. Màá dá a ṣe."

Wọn ò lọ; wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń wò ó. Ọkọ̀ oníbàárà ti ń fọn fèrè níta. Ó gbé pákó tí wọ́n to búrẹ́dì sí dé àyà, kò dé orí.

"Rámọ́tà, ẹ wá gbé e rù mí."

"A ó gbé e rù yín. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹni tó ń ṣọ́ ààrò ni yóò máa pàṣẹ ààrò, ẹ ò sì ní í gé owó wa mọ́."

"Mo gbà."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, kí dẹ́rẹ́bà tó wà níta gbọ́."

Ó sọ ọ́ sókè. Ọwọ́ wọn yí pákó náà ká, ẹrù sì dé orí.