Jagun, Àwòdì àti Iṣu Tuntun

"Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun." Ẹnu gbogbo wa ni òwe yìí wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ bi àwọn ọmọ Jagun. Wọn kò ní sọ ọ́.

Ní ìlú Ìsàlẹ̀-Àpáta, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni jẹ iṣu tuntun kí ọba tó jẹ ẹ́. Lọ́dún kan, nígbà tí ọba kò tíì jẹ tuntun, olè bẹ̀rẹ̀ sí í wa iṣu lóko ọba. Jagun, olóyè tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ní Ojúọlápé ni. Opó ni Ojúọlápé, oko rẹ̀ ló bá ti ọba pààlà. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, gbogbo ìlú pé sí ìdí àpáta, Jagun nìkan ló kù. Ó ti ránṣẹ́ pé òun gun òkè lọ gbàdúrà kí òdodo lè lékè. Oòrùn ń ta, àwọn àgbà ń yán.

Ni àwòdì kékeré kan bá yọ. Kò ju àdàbà lọ, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ mú ṣóńṣó bí ọ̀bẹ. Ó rà bàbà lókè bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ló bá pa apá mọ́ra, ó já wálẹ̀ fìì! Ó gbá ẹ̀gà kan mú lófuurufú. Ìlú hó yèè. Ọba pàápàá dìde. Gbogbo ojú tẹ̀lé ẹyẹ náà dé téńté àpáta, níbi tó bà sí.

Ibẹ̀ ni Jagun lóṣòó sí, tó gbé iṣu sísun lé itan, tó ń fi bọ epo. Ẹyẹ ń tu ìyẹ́, Jagun ń bó èèpo, kò sí èyí tó bojú wolẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Èèpo kan yí gbirigbiri wá síwájú ọba. Ọba mú un, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Tuntun ni," ló wí.

Nígbà tó yá, Jagun sọ̀ kalẹ̀, epo ń dán ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o. Kí lẹ tún ń wòkè fún?"

Ojúọlápé kúnlẹ̀. "Àwòdì ni, bàbá. Ó wà lókè, kò mọ̀ pé àwa ará ilẹ̀ ń wo òun."

"Ẹyẹ náà mà gọ̀ o!" ni Jagun wí, ó sì gùnfẹ̀.

Ẹ̀rín pa ọba débi pé wọ́n ní láti dì í mú. Ojúọlápé gba ilé rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Jagun ló kọ gbogbo ebè oko opó náà, bí ọba ti pàṣẹ, ikùn rẹ̀ sì fà wọnú díẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń hùwà ìkọ̀kọ̀, tó rò pé ipò òun ga ju ojú aráyé lọ, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn wòkè, wọ́n á ní: "Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun."